Adágún ńlá tuntun lẹ́yìnkùlé: ewéko wo, ẹja wo, kí ni kó kọ́kọ́ wọlé?

Ẹlẹ́kùlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láì dá sí i, àmọ́ ó ti wá kàn mí wàyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí adágún kan lẹ́yìnkùlé mi. Ó rí bí ẹyin: gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, ìbú rẹ̀ mítà 4. Àárín ló jìn jù, ó tó mítà 1.5. Mo ṣe pèpéle yí etí rẹ̀ ká, omi tó bo ibẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, torí mo gbọ́ pé ibẹ̀ ni ewéko etí omi ń dúró sí. Ọ̀rá dúdú tó nípọn ni mo tẹ́ sínú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ni mo fà kún un, ó pé ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Pọ́ǹpù wà níbẹ̀, asẹ́ náà wà.

Omi náà mọ́ gaara, mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n ra koi 20 (ẹja ọ̀ṣọ́ ńlá aláwọ̀ mèremère) lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí n wá fi òṣíbàtà mélòó kan sí i lẹ́yìn náà kó lè rẹwà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti yá? Ewéko wo ló dáa, ẹja mélòó sì ni omi yìí lè gbà? Mi ò fẹ́ ṣe é ní àṣetúnṣe.

ÌyáOlóṣíbàtà

Ẹlẹ́kùlé, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ má ra ẹja kankan lọ́jọ́ Sátidé. Mo bẹ̀ yín.

Mímọ́ tí omi yẹn mọ́ ló ń tan èèyàn. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín sábà máa ń ní kilorínì nínú, kilorínì kò sì mọ̀yàtọ̀ láàárín kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n torí rẹ̀ dà á sómi àti ẹja yín. Tó bá jẹ́ kilorínì lásán ni, á fò lọ bí pọ́ǹpù bá ń da omi náà sókè sódò fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tó jẹ́ kilorámìnì ni wọ́n ń lò, ìyẹn kì í fò lọ bọ̀rọ̀. Oògùn tí wọ́n fi sodium thiosulfate ṣe ló ń ká a lápá ko, kódà ó ṣì ń fi amóníà díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, májèlé ni ìyẹn náà fún ẹja. Ẹ bi àwọn tó ń fún yín lómi léèrè èyí tí wọ́n ń lò. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá sì fẹ́ bu omi kún un lẹ́yìn tí oòrùn bá fà á, ẹ rántí pé omi tuntun ni omi tuntun ń jẹ́: oògùn náà ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Èmi náà kánjú nígbà tèmi. Ọjọ́ kejì tí omi kún ni mo da goldfish 15 (ẹja ọ̀ṣọ́ tí kò tóbi tó koi) sí i. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ń ṣeré kiri. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n lọ dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, lẹbẹ wọn sún mọ́ ara, wọn ò dá oúnjẹ lóhùn. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti fi àwọ̀n kó mọ́kànlá jáde. Omi ọ̀hún ṣì mọ́ gaara. Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe mọ́ tó lọ́jọ́ tí mò ń kó wọn.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ sìn. Ẹ fi ewéko sìn ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, ẹja á wá bá a nílé.

BàbáAsẹ́

Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀.

Torí pé ó rí bí ẹyin, ẹ sọ mítà 6 di ìlọ́po 4, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 0.785. Ohun tó máa fún yín ni 18.84, ìyẹn ni bí ojú omi yín ṣe fẹ̀ tó ní mítà onígun mẹ́rin. Bí a bá da ibi tó jìn pọ̀ mọ́ pèpéle etí rẹ̀, tí a pín in dọ́gba, jíjìn rẹ̀ á máa lọ sí bíi mítà 1. Omi yín tó nǹkan bíi lítà 18,800 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ó ti máa rí i. Kò sí oògùn tí ẹ máa dà sínú adágún yẹn tí ẹ ò ní nílò nọ́ńbà yìí kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ohun tó pa ẹja Ìyá nìyí. Ẹja ń tú amóníà jáde láti ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń mí, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tí kò jẹ tán náà ń jẹrà di amóníà. Bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nitrite. Májèlé ni nitrite náà: ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹja má lè gbé ọ́síjìn mọ́, ẹ̀jẹ̀ náà á ṣókùnkùn bí àwọ̀ ilẹ̀. Bakitéríà kejì ló wá ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ewéko sì ń fi ṣe oúnjẹ. Ara nǹkan làwọn bakitéríà yìí ń lẹ̀ mọ́: fóòmù inú asẹ́, òkúta, ọ̀rá tí ẹ tẹ́, gbòǹgbò ewéko. Nínú adágún ọlọ́jọ́ mẹ́ta, wọn ò tíì sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni wọ́n fi ń pọ̀ tó. Nínú omi tútù ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá wá sí 10°C, díẹ̀ ló kù kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ẹ máa fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀, ìwọ̀n fínńfín, sí omi náà lójoojúmọ́ bíi pé ẹja wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ kú tọ̀sán-tòru. Ẹ ra ohun èlò ìdánwò omi, èyí tó ń lo oògùn kíkán sínú ìgò kékeré, kí ẹ máa wo amóníà, nitrite, nitrate àti pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí; bó bá ń gòkè, kíkan rẹ̀ ń dín kù) lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Amóníà á gòkè kó tó wálẹ̀. Nitrite á tẹ̀ lé e, òun náà á gòkè, á wálẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní 0 fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ ò sì dẹ́kun àtimáa fọ́n oúnjẹ, omi yín ti ṣe tán.

Ẹ má fojú kéré pH o. Ká ní omi wà ní 25°C, tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, ìwọ̀nba tó lè pa ẹja nínú gbogbo amóníà tó wà níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí pH bá gòkè dé 9, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Amóníà kan náà, adágún kan náà.

Ẹlẹ́kùlé

Ẹ ṣé gan-an ni, Ìyá, Bàbá. Mo ti fagi lé Sátidé. Ká ní mi ò béèrè ni, ikú ni mi ò bá lọ fowó rà fún wọn.

Asẹ́ yẹn wá, mo ti ń fi omi ẹ̀rọ ṣan fóòmù inú rẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè mọ́. Ṣé kí n máa bá a lọ? Ẹ bá mi la ọ̀rọ̀ ewéko náà yéké. Mo mọ òṣíbàtà lójú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín.

BàbáAsẹ́

Ẹ dáwọ́ dúró. Ilé bakitéríà lẹ̀ ń fi kilorínì fọ̀ yẹn. Ìgbà tí omi kò bá gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́ nìkan ni kí ẹ fọ̀ ọ́, omi adágún náà tí ẹ bù sínú garawa ni kí ẹ sì fi fún un, ẹ̀ẹ̀mejì, ó tó. Bó bá ṣì dà bíi pé ó dọ̀tí díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

ÌyáOlóṣíbàtà

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ ewéko, torí òun ni mo fẹ́ràn jù.

Òṣíbàtà ni olórí. Oòrùn ló ń jẹ kó tó yọ òdòdó, ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́. Kì í fẹ́ abẹ́ igi. Kì í sì fẹ́ ibi tí omi ti ń ru, tàbí ibi tí omi orísun ti ń ta sí ewé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù wà ní apá kan, kí òṣíbàtà wà ní apá kejì.

Bí mo ṣe ń gbìn ín: màá wá ọpọ́n oníke tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí kò jìn ju 20 lọ, torí ẹ̀gbẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lọ. Ilẹ̀ amọ̀ inú ọgbà lásán ni mo ń lò, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ilẹ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń dì sínú àpò fún òdòdó inú ilé kò wúlò níbí, á léfòó, á sì ba omi jẹ́. Ẹ má fi ìgbẹ́ ẹran sí i. Màá tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kó le, màá wá tẹ́ gbòǹgbò òṣíbàtà sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọpọ́n, ní ìdagun, kí orí rẹ̀ níbi tí ewé ti ń yọ kọjú sí àárín, kó sì yọ síta. Bí ẹ bá fi ilẹ̀ bo orí yẹn, jíjẹrà ló máa jẹrà. Irú èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru, tí ìdí rẹ̀ rí róbótó bí iṣu kékeré, àárín ọpọ́n gan-an ló ń wà, ní ìnàró. Lẹ́yìn náà, màá da òkúta wẹ́wẹ́ tí mo ti ṣan títí omi rẹ̀ fi mọ́ lé e lórí, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹja má bàa rí ilẹ̀ tú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é bàjẹ́ ni gbígbé e sọ omi. Kó tó wọ adágún rárá, màá rọra máa bu omi sínú ọpọ́n náà títí ilẹ̀ á fi mu omi yó. Ìfófòó á máa yọ láàárín òkúta, gbulu, gbulu, kékeré kékeré. Ẹ dúró tì í. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tí kò bá yọ mọ́ ni afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ ti tán. Bí ẹ bá kánjú tì í wọ omi, afẹ́fẹ́ yẹn á bú jáde, á gbé ilẹ̀ àti gbòǹgbò sókè pọ̀, gbogbo adágún á sì di ẹrẹ̀ lójú yín. Orí búlọ́ọ̀kù ni màá kọ́kọ́ gbé e lé, kí omi tó bo orí rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Bí ewé bá ti ń dé ojú omi, màá yọ búlọ́ọ̀kù kan, títí tó fi máa jìn dé 45 tàbí 60.

Fún adágún yín, òṣíbàtà márùn-ún ti tó. Ohun tí a ń wá ni kí ewé bo nǹkan bí ìdajì ojú omi, bó bá lé díẹ̀ kò burú. Ìdajì yẹn ló ń fi òjìji bo omi, tí omi kò fi ní di aláwọ̀ ewé.

Abẹ́ omi náà ní ewéko tirẹ̀. Ceratophyllum tí ewé rẹ̀ rí bí ìrù ológbò kò ní gbòǹgbò rárá. Ẹ ṣáà jù ú sínú omi. Vallisneria tó gùn bí rìbọ́ọ̀nù ń fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ nínú ọpọ́n. Ìdì 20 sí 30 kò pọ̀ jù fún lítà 18,800. Àwọn ló ń jẹ nitrate tí Bàbá ń sọ, wọ́n sì ń gba oúnjẹ mọ́ àwọn ewéko àìfojúrí tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé lọ́wọ́.

Gbogbo ewéko tí ẹ bá rà, ẹ fi sínú garawa omi lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó kó o wọlé. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò fún ẹyin ìṣáwùrú àti fún àwọn ewé róbótó tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá wọ adágún, ẹ ó máa fi àwọ̀n gbọ́n ọn títí láé.

OníKókòEtídò

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Ìyá. Ti orí pèpéle ni tèmi. Kókò ń ṣe dáadáa níbẹ̀ bí omi bá bo ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, pàápàá irú tí igi ewé rẹ̀ dúdú. Papyrus, koríko gíga etí omi, náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọpọ́n ni kó wà, kò gbọdọ̀ rí ilẹ̀ lásán. Mo kìlọ̀ fún yín nípa Typha, ẹni gíga tí orí rẹ̀ rí bí ọ̀pá pupa-rúsúrúsú: ẹnu gbòǹgbò rẹ̀ mú débi tó lè gún ọ̀rá. Níbi tí òtútù bá ti ń mú gan-an lápá kan ọdún, inú ilé ni kókò àti papyrus ń lò ó.

Ẹ fi ìṣísẹ̀ òkúta sí ibì kan létí rẹ̀ tó ń rọra wọ omi, kí ẹyẹ lè mu omi, kí ẹranko kékeré tó bá já sínú rẹ̀ sì lè rí ọ̀nà gùn jáde.

LámilámiFò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní yá jù tó bá fi water hyacinth, ewéko tó ń léfòó lójú omi, sí i? Ó ń bo omi kíá, òdòdó rẹ̀ sì rẹwà.

ÌyáOlóṣíbàtà

Ọmọ mi, kíá yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀. Ibi tí ooru àti oúnjẹ bá ti wà fún un, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ti dí odò àti adágún ńláńlá pa káàkiri ayé, débi pé ọkọ̀ ojú omi kò rí ọ̀nà gbà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti fòfin dè é, wọ́n sì de ojúoró náà ní àwọn ibì kan. Ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Àwọn àgbà ló ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bí òfin bá gba ojúoró láàyè níbi tí ẹ wà, díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì máa kó o kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á lékè débi pé oòrùn kò ní kan ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá kó kúrò, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kó ti rọ. Ẹ má jẹ́ kó dé odò.

ÀgbàẸlẹ́ja

Ẹja ló kù. Koi 20 nínú lítà 18,800? Rárá o. Koi kan lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ó sì lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín. Lítà 1,000 ni mo ń ya sọ́tọ̀ fún ẹyọ kan. Bí ẹ bá ṣírò ó, ẹ ó rí i pé 18 ni òpin rẹ̀, ìyẹn fún ẹni tí asẹ́ rẹ̀ lágbára tó lè gba gbogbo omi náà kọjá ní wákàtí méjì méjì, tí kò sì gbin nǹkan kan. Ẹ̀yin sì fẹ́ òṣíbàtà. Koi ń tú ìdí òṣíbàtà kiri, ó ń jẹ èèhù rẹ̀.

Ẹ yan ọ̀kan. Bó bá jẹ́ òṣíbàtà ló wà lọ́kàn yín, goldfish ni kí ẹ sìn, irú tó ní ìrù kan ṣoṣo, tó le: comet tàbí shubunkin. Ẹ fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ wo ìdánwò omi, kí ẹ tún fi márùn-ún sí i. Ní tèmi, ẹ dúró sí 20. Wọ́n máa bímọ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Goldfish onírù méjì tí ikùn rẹ̀ rí róbótó kì í yára wẹ̀, ẹ má kó o mọ́ àwọn tó ń sáré, ebi á pa á. Bí koi bá wà lọ́kàn yín dandan, mẹ́fà, kí ẹ sì fi òkúta tó tóbi ju ẹnu wọn lọ bo ọpọ́n òṣíbàtà.

Wọ́n á bi yín nípa ẹpìyà àti àrọ̀. Ẹpìyà ń walẹ̀ láti ṣe ìtẹ́, ó ń jẹ ewéko, irú tí wọ́n sìn jù nínú wọn sì ń kó ọmọ rẹ̀ pamọ́ sẹ́nu títí wọ́n fi gbó, torí náà kò pẹ́ tí adágún fi ń kún. Àrọ̀ ń gbé ẹja èyíkéyìí tí ẹnu rẹ̀ bá gbà mì. Ó tún ń mí afẹ́fẹ́ òkè, mo sì ti bá a lórí koríko lóru tí òjò rọ̀. Ẹja tó dáa ni àwọn méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe ti adágún òdòdó.

Kí ẹja tuntun tó bá àwọn tó wà nílé, ẹ fi sínú ọpọ́n ńlá lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí afẹ́fẹ́ máa wọ omi rẹ̀. Mo kọ́ ọ lọ́nà tó le. Ẹja kan ṣoṣo tó lẹ́wà ni mo mú wálé tààrà, kòkòrò tó ń fún ara ẹja ní funfun wínníwínní bí iyọ̀ bá a wọlé, ìdajì adágún mi ló bá a lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa kó wọn wọ adágún, ẹ gbé ọ̀rá tí wọ́n wà nínú rẹ̀ léfòó lórí omi fún ìṣẹ́jú 20, kó má wà nínú oòrùn. Ẹ máa bu omi adágún díẹ̀ díẹ̀ sí i. Àwọ̀n ni kí ẹ fi gbé ẹja jáde. Ẹ má da omi inú ọ̀rá náà sí adágún. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ẹ máa fún wọn. Èyí tí ẹ ò bá fẹ́ sìn mọ́, ẹ wá ẹni tó máa gbà á, ẹ má dà á sínú odò láéláé.

OníSìmẹ́ńtì

Ẹ jọ̀ọ́, sìmẹ́ńtì ni mo fi mọ tèmi, mi ò kùn ún. Ṣé bákan náà ni?

BàbáAsẹ́

Rárá. Sìmẹ́ńtì tuntun ń tú èròjà rẹ̀ sínú omi, pH á gòkè ré kọjá 9. Ẹ kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fà á dànù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin títí pH á fi dúró sí 8 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tàbí kí ẹ kùn ún pẹ̀lú ọ̀dà adágún tí kò ní májèlé.

LámilámiFò

Mo fẹ́ fi èyí kún un, torí ó dùn mí. Adágún mi kún fún Ceratophyllum débi pé mi ò rí ìsàlẹ̀ mọ́, inú mi sì ń dùn pé ọ́síjìn á pọ̀. Mo wá ń pa pọ́ǹpù lálẹ́ kí iná má bàa lọ jù. Òru ọjọ́ kan mú ooru gan-an. Ní bí aago márùn-ún ìdájí, mo gbọ́ ohùn kan láti ojú fèrèsé, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ètè pa ariwo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹja mi ló gbé ẹnu sójú omi, tí wọ́n ń ṣí i tí wọ́n ń pa á dé. Àwọn tó tóbi jù ló kọ́kọ́ yí ẹ̀gbẹ́ sókè. Mo sáré tan pọ́ǹpù, mo gbé ẹnu rẹ̀ sókè kí omi máa ta sókè kó tún máa bọ̀. Mẹ́ta kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

BàbáAsẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ojúmọmọ ni ewéko ń tú ọ́síjìn jáde. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun náà ń mí ín bíi ti ẹja, nítorí náà ìdájí ni ọ́síjìn ń kéré jù. Ooru tún ń dín in kù: omi tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9.1 nínú lítà kan, ní 30°C kò ju 7.5 lọ. Ẹlẹ́kùlé, òru gan-an ni pọ́ǹpù yín ní iṣẹ́ jù. Bí Ceratophyllum bá ti gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta omi lọ, ẹ máa fà á tu.

ÌyáOlóṣíbàtà

Ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi. Ẹlẹ́kùlé, ṣé ọmọdé wà nílé? Pèpéle sẹ̀ǹtímítà 30 yẹn ti tó láti gba ẹ̀mí ọmọ, kì í sì í pariwo. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa tì fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbin ẹyọ ewé kan. Kí oníṣẹ́ iná sì fi ohun tó ń já iná lójú ẹsẹ̀ sí ojú iná pọ́ǹpù, bí iná bá jò sómi.

Ẹlẹ́kùlé

Ọmọ méjì ló wà, Ìyá. Ọgbà ni mo máa fi Sátidé ṣe.

Ẹlẹ́kùlé, ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ọgbà ti dúró. Òṣíbàtà márùn-ún ti wọlé, mo dúró ti ìfófòó títí ó fi tán gẹ́gẹ́ bí Ìyá ṣe wí. Amóníà ti wálẹ̀, nitrite ṣì ga. Ṣùgbọ́n omi ti di aláwọ̀ ewé pátápátá, mi ò rí ọwọ́ mi bí mo bá tì í bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ṣé kí n fà á dànù kí n tún un bẹ̀rẹ̀?

ÌyáOlóṣíbàtà

Ẹ má fà á. Bí ẹ bá da omi tuntun sí i, oúnjẹ tuntun lẹ fún un, ọ̀sẹ̀ méjì sí i á tún di aláwọ̀ ewé. Ewé òṣíbàtà yín kò tíì tó ìdajì ojú omi ni. Ẹ dín oúnjẹ tí ẹ ń fọ́n kù, ẹ fi Ceratophyllum ìdì mẹ́wàá kún un, ẹ wò ó bóyá omi òjò ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti ibi tí ẹ fi ajílẹ̀ sí. Kó pẹ́ kó yá, á ṣí lójú.

Ẹlẹ́kùlé, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Ó ṣí o. Omi òjò ń ṣàn wọ̀ ọ́ lóòótọ́, láti ìdí koríko. Mo gbé etí rẹ̀ sókè ní apá ibẹ̀. Kò mọ́ bíi ti ọjọ́ kẹta yẹn, ó pọ́n díẹ̀ bí omi ewé, àmọ́ mo ń rí ọpọ́n òṣíbàtà nísàlẹ̀. Ewé mẹ́tàlélógún ni mo kà. Lámilámi ti dé fúnra wọn, ọ̀pọ̀lọ́ náà dé. Amóníà 0, nitrite 0, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Goldfish márùn-ún tí mo ti yà sọ́tọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ omi lánàá.

Èmi àti àwọn ọmọ jókòó síta ọgbà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan péré la rí nínú márùn-ún. Abẹ́ ewé ló wà, ìrù rẹ̀ nìkan ló yọ síta, kò sì mira.

BàbáAsẹ́

Ẹ kú oríire. Ẹ tún wọn amóníà lọ́la, àti lọ́tùn-únla.